Lẹ́tà Tí Mo Tẹ̀ Ránṣẹ́ sí Iléṣà

Òórùn ìwé tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde gbígbóná láti inú ẹ̀rọ, títí di òní olónìí, ńṣe ló máa ń kó àárẹ̀ bá mi. Àwọn tí mò ń kọ́ níṣẹ́ rò pé àgbà ló ń dé. Mi ò bá wọn jiyàn. Ìgbà kan wà, ó ti tó ọdún mẹ́rìndínlógún báyìí, tí mo máa ń jókòó sídìí kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo nínú ṣọ́ọ̀bù tóóró kan ní Alẹ́kùwọdò, tí mò ń bá gbogbo ayé tẹ lẹ́tà. Lẹ́tà ìwáṣẹ́, lẹ́tà ẹ̀bẹ̀ sí ọ̀gá ilé-ìwé, ìwé ìbúra ẹni tí ìwé-ẹ̀rí rẹ̀ jóná, gbogbo rẹ̀ ni mò ń tẹ̀. Bí mo bá sì ti ti ìlẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù tán, màá tún mú bírò, màá fi ọwọ́ ara mi kọ tèmi sí ọkọ mi tó wà ní ọgbà ẹ̀wọ̀n ní Iléṣà. Ẹni tó ń fi ọ̀rọ̀ ẹlòmíràn jẹun ní ọ̀sán, tó tún ń wá ọ̀rọ̀ tirẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́, ẹ má bi í bóyá ó rẹ̀ ẹ́.

Awakọ̀ lọ́rì ni ọkọ mi. Ọmọ Ìjẹ̀ṣà ni, ilé wọn wà ní Ìkéjì-Arákéjì, ṣùgbọ́n Òṣogbo la ti fẹ́ ara wa, yàrá méjì tí a háyà ní Ìgbóná la sì ń gbé. Nígbà ọyẹ́ ọdún yẹn, ọkùnrin kan bẹ̀ ẹ́ pé kí ó bá òun kó irin ìkọ́lé láti ọ̀nà Iléṣà wá. Ọlọ́pàá dá wọn dúró lójú ọ̀nà, ọkùnrin náà ní òun fẹ́ tọ̀, ó wọ igbó, kò sì tíì tọ̀ tán di bí mo ṣe ń wí yìí. Ẹrù olè ni. Ọjọ́ gbogbo ni ti olè, ọjọ́ kan ni ti olóhun, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ní ọjọ́ kan ti olóhun yẹn, awakọ̀ lọwọ́ tẹ̀. Lọ́yà ní kí a fọkàn balẹ̀, ìpẹ́jọ́ kan, ó pọ̀ tán, méjì, ọkọ mi á ti máa jẹun nílé. A lọ sí ìpẹ́jọ́ àkọ́kọ́, wọ́n ní adájọ́ rìnrìn-àjò. Èkejì, olùpẹ̀jọ́ kò wá. Ẹ̀kẹta, ẹlẹ́rìí ò sí. Nígbà tó yá, n kì í tún wọ aṣọ tó dáa lọ sí kóòtù mọ́, torí mo ti mọ̀ pé gbólóhùn kan náà ni màá gbọ́: a sún un síwájú.

Ọkọ mi ti wà níbẹ̀ fún oṣù kan àti díẹ̀ kí n tó mọ̀ pé mo ti fẹ́ra kù. Kí ẹ tó bi mí léèrè ohun tí mo ṣe lẹ́yìn náà, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó ti ṣẹlẹ̀ ṣáájú. Ọdún méjì ṣáájú ìgbà náà, mo ti lóyún kan. Ọkọ mi kò lè pa á mọ́ra. Oyún kò tíì pé oṣù mẹ́ta tí gbogbo gáréèjì fi ń kí mi ní ìyá ìkókó, ó ra ọtí fún awakọ̀, ó ra ọtí fún kọndọ́, ó ra fún ẹni tó ń fọ mọ́tò. Ọjọ́ Àìkú kan ló bàjẹ́ lára mi. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́bàá bẹ́ẹ̀dì, ó ní ẹnu òun ló pa ọmọ òun. Mo ní kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ìyá rẹ̀ kò sọ pé kì í ṣe bẹ́ẹ̀.

Nítorí náà, nígbà tí èkejì dé, ìyá ọkọ mi gbéra láti Ìkéjì, ó gbé àpò gaàrí àti ìgò epo dání, ó tilẹ̀kùn yàrá, ó jókòó tì mí. Ìyá àgbẹ̀ ni, ó ń ta gaàrí fún àwọn ọmọ yunifásítì tó wà lọ́dọ̀ wọn, kì í sì sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Ó ní, "Oyún yìí, èmi, ìwọ, àti Ọlọ́run. Ẹnì kẹrin ò sí ńbẹ̀."

Mo ní, "Màmá, bàbá ọmọ ńkọ́?"

Ó ní, "Ta ni yóò kọ́kọ́ ka lẹ́tà ọ̀hún? Ṣé bàbá ọmọ ni, àbí wọ́dà? Lẹ́yìn wọ́dà, gbogbo yàrá ẹ̀wọ̀n ńkọ́? Ọ̀rọ̀ ulé kọ́ la ń gbé fún ará ìta kà. Jẹ́ kí ó jáde kí ó bá ikùn níwájú rẹ, ayọ̀ rẹ̀ á di méjì." Ó tún ní n kò gbọdọ̀ fi ẹsẹ̀ mi kan ẹnu ọ̀nà ọgbà náà. Aboyún kì í dé ibi tí wọ́n ti ń ti ènìyàn mọ́lé, kí ọ̀nà ọmọ má baà tì mọ́ ọn. Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí lè rẹ́rìn-ín. Èmi náà ka ìwé, mo ní ìwé-ẹ̀rí, ṣùgbọ́n ẹni tí oyún ti bàjẹ́ lára rẹ̀ rí, bí o bá ní kí ó má fi ọwọ́ òsì bu iyọ̀, kò ní fi bu ú. Mo gbà. Lẹ́tà nìkan ló wá kù láàárín èmi àti ọkọ mi, lẹ́tà tí n kò sì gbọdọ̀ fi sọ ohun kan ṣoṣo tí mo ní láti sọ.

Ìyá Ìjọ kan ní ṣọ́ọ̀ṣì wa ló ń bá mi mú un lọ. Ọjọ́bọ̀ kọ̀ọ̀kan ni òun àti ẹgbẹ́ rẹ̀ máa ń gbé bọ́ọ̀sì ìjọ lọ síbẹ̀, wọ́n á kọrin, wọ́n á wàásù, wọ́n á pín ọṣẹ. A kì í lẹ àpòòwé pa, torí wọ́n ní láti kà á lẹ́nu géètì. Mo wá di òǹkọ̀wé. Mo kọ ọ́ pé òrùlé ń jò lápá ibi tí a gbé àga sí. Mo kọ ọ́ pé ewúrẹ́ aládùúgbò ti jẹ gbogbo ẹ̀fọ́ tí mo gbìn sẹ́yìn ilé, pé mo lọ bá olówó rẹ̀, pé olówó rẹ̀ ní ewúrẹ́ òun kì í jẹ ẹ̀fọ́. Ojú-ewé kan àbọ̀ ni mo fi sọ̀rọ̀ ewúrẹ́ yẹn, ọmọ sì ń ta mí nípàá nínú bí mo ti ń kọ ọ́. Ìdáhùn ọkọ mi kì í ju ìlà márùn-ún lọ, lórí ìwé tó ya kúrò nínú ìwé ọmọ ilé-ìwé: kí n sọ fún káfíńtà kó má fi ìṣó kékeré kan òrùlé, kí n má bá olówó ewúrẹ́ jà, ṣé mò ń jẹun? Nígbà tí oyún pé oṣù méje, ó bi Ìyá Ìjọ pé báwo ni mo ṣe ń ṣe sí. Ìyá Ìjọ tí kò lè purọ́, tí a sì ti kìlọ̀ fún, ní, "Ó wà dáadáa, ó ti sanra." Ọ̀sẹ̀ kejì ni lẹ́tà dé pé, "Mo gbọ́ pé o ti sanra. Ó jọ pé àìsínílé mi ń bá ọ lára mu." Èmi àti ìyá ọkọ mi fi rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wa. Èmi òmùgọ̀, mo rò pé àpárá ni.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan nígbà òjò ni mo bímọ, obìnrin, mo gbóhùn rẹ̀, wọ́n gbóhùn mi. Ayọ̀ kò jẹ́ kí n ronú. Ní Ọjọ́bọ̀ tó tẹ̀ lé e, mo gbé ìwé lé orí ìrọ̀rí, mo kọ ọ́ sí ọkọ mi pé: "Ẹ kú ewu ọmọ o. Mo ti bí obìnrin. Ọjọ́ kẹjọ ló bọ́ sí ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ẹ tètè fi orúkọ ránṣẹ́. Màmá ló ní kí n má tíì sọ." Ó tán. Mo fi ojú-ewé kan àbọ̀ sọ̀rọ̀ ewúrẹ́, mo wá fi ìlà mẹ́ta sọ fún ọkọ mi pé ó ti di bàbá. Ẹni tó ti ń ka iye oṣù tó ti wà nínú àtìmọ́lé, tó ti gbọ́ pé ìyàwó òun sanra, tí ẹnikẹ́ni kò sọ gbólóhùn kan fún látọjọ́ yìí wá, ìlà mẹ́ta ni mo jù sí i lójú. N kò tilẹ̀ ronú kàn án. Mò ń wá orúkọ.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, Ìyá Ìjọ dé lọ́wọ́ òfo. Mo ní, "Màmá, kí ló wí?"

"Ó kà á lẹ́ẹ̀mejì," ó ní, "ó ká a, ó fi í sápò. Ó ní kí n bá òun kí ọ."

"Pé kí ló ní?"

"Kò sọ nǹkan kan, ọmọ mi."

Ní ọjọ́ Ajé, àbúrò bàbá ọkọ mi, tí í ṣe olórí ẹbí wọn lẹ́yìn tí bàbá ọkọ mi ti kú, lọ fúnra rẹ̀. Ìdáhùn tó mú bọ̀ ni pé, "Ó ní kí ẹ sọ ọ́ ní orúkọ tó bá wù yín." Bí ó ti sọ ọ́ tán, ó wo ọmọ, ó wo èmi, ó tún wo ọmọ. Mo mọ ohun tó ń wò. Àwọn àgbà ní ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Wọ́n wo ilé lọ́jọ́ kẹjọ, bàbá ọmọ kò sí níbẹ̀, orúkọ rẹ̀ kò sì sí níbẹ̀. Bàbá ọmọ ló yẹ kó kọ́kọ́ dárúkọ. Nígbà tó kan ibẹ̀, ìyá ọkọ mi ló ti ọwọ́ bọ inú abọ́ omi, ó ní, "Ìbùkún lorúkọ rẹ̀, èmi ìyá bàbá rẹ̀ ni mo sọ ọ́." Wọ́n ṣe àmín, ṣùgbọ́n àmín náà kò dún. Láti ọjọ́ náà lọ, ohun kan ṣoṣo ni mo ń wá láyé: kí ọkọ mi dárúkọ ọmọ rẹ̀, kí ayé lè mọ̀ pé òun ló ni ín.

Mo kọ̀wé. Háà, mo kọ̀wé! Mo ṣàlàyé ọ̀rọ̀ ìyá rẹ̀, mo ṣàlàyé wọ́dà, mo ṣàlàyé oyún àkọ́kọ́. Mo ní kí ó bínú sí mi, ṣùgbọ́n kí ó fi orúkọ kan ṣoṣo ránṣẹ́. Kò fèsì. Ẹni tó ń fèsì ọ̀rọ̀ ìṣó àti ewúrẹ́ tẹ́lẹ̀ kò fèsì ọ̀rọ̀ ọmọ. Ìyá rẹ̀ lọ síbẹ̀ lẹ́ẹ̀kan pẹ̀lú ẹsẹ̀ tó ń dùn ún, ọkọ mi dọ̀bálẹ̀ fún un, ó béèrè oko kòkó, ó béèrè ẹsẹ̀, nígbà tí ìyá rẹ̀ dé orí ọ̀rọ̀ ọmọ, ó ní, "Màmá, mo ti gbọ́." Mo gbọ́ pé àwọn ìyàwó ilé ní Ìkéjì ń fi ìka ka oṣù. Ó sú mi. Kì í ṣe àárẹ̀ ara, oorun á wo ìyẹn sàn. Èyí tó mú mi ni irú èyí tí ènìyàn máa ń jí pẹ̀lú rẹ̀.

Ọmọ pé oṣù márùn-ún, mo lọ gba ìwé ìbí rẹ̀. Akọ̀wé béèrè orúkọ bàbá ọmọ. Mo ṣí ẹnu, orúkọ bàbá tèmi ló jáde. Ó kọ ọ́ sílẹ̀. Bí mo ti ń bọ̀ lọ́nà, ara mi fúyẹ́, ìbínú sì wọlé síbi tó fúyẹ́ náà. Mo dé ṣọ́ọ̀bù, mo jókòó sídìí kọ̀ǹpútà, mo sì tẹ lẹ́tà sí ọkọ mi bí mo ṣe ń bá àwọn lọ́yà tẹ̀ ẹ́. Mo kọ orúkọ rẹ̀ ní kíkún lókè, mo kọ déètì, mo fa ìlà sábẹ́ àkọlé rẹ̀, Ọ̀RỌ̀ ỌMỌ. Mo ní níwọ̀n ìgbà tí kò ti dá ọmọ mọ̀, ọmọ ti di ti bàbá mi, orúkọ bàbá mi ló wà nínú ìwé ìbí rẹ̀. Mo ní bí ó bá jáde, kó má wá wa wá sí Ìgbóná, a ò ní sí níbẹ̀. Ó yẹ kí n dúró síbẹ̀. N kò dúró. Mo fi kún un pé ọkùnrin tí kò mọ irú ẹrù tó gbé sínú lọ́rì rẹ̀, kò yà mí lẹ́nu bí kò bá mọ ọmọ tó gbé sínú ìyàwó rẹ̀. Ẹ̀rọ tẹ̀ ẹ́ jáde, ó gbóná lọ́wọ́ mi. Mo tilẹ̀ tún un kà, mo rí i pé ó dùn ún kà. Ní àárọ̀ Ọjọ́bọ̀, mo fi lé Ìyá Ìjọ lọ́wọ́, mo kí i pé ó dàbọ̀.

Ọ̀sán ọjọ́ yẹn gan-an ni ọkùnrin kan yọ sí iwájú ṣọ́ọ̀bù, ó gbẹ, irun orí rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń hù, ó mú báàgì nílọ́ọ̀nù kan lọ́wọ́. Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, wọ́n ní ṣọ́ọ̀bù Ìyá Dámiláre wà ládùúgbò yìí."

Mo ní, "Kò sí Ìyá Dámiláre níbí o."

"Ó ń tẹ̀wé. Ìyàwó awakọ̀ ni. Ọkọ rẹ̀..." ó wo àwọn oníbàárà tó jókòó, ó rẹ ohùn sílẹ̀, "ọkọ rẹ̀ wà ní Iléṣà."

Mo ní, "Èmi ni ìyàwó awakọ̀. Ìyá Ìbùkún ni wọ́n ń pè mí."

Ó ti rí ọmọ lórí ẹní lẹ́yìn mi. Ó lóṣòó, ó pàtẹ́wọ́, ó ní, "Dámiláre rèé! Dámiláre, ìwọ rèé? Èmi ni mo di abọ́ omi mú níjọ́ tí a sọ ọ́ lórúkọ!"

Mo lé àwọn oníbàárà jáde, kí Ọlọ́run dárí jì mí. Ọkùnrin náà jókòó, ó sì sọ ọ́ bí ẹni ń sọ ohun tí gbogbo ayé ti mọ̀. Ọkọ mi àti òun jọ wà ní yàrá kan náà, ìjẹta ni wọ́n tú òun sílẹ̀. Lọ́jọ́ kẹjọ tí mo bímọ, wọ́n ní yàrá àwọn kò lè dákẹ́ bí ẹni pé kò sí nǹkan. Wọ́n wá iyọ̀ láti ilé ìdáná, ẹnì kan mú ṣúgà tí ìyàwó rẹ̀ gbé wá, wọ́n fi ìyẹn rọ́pò oyin, ẹ̀pà rọ́pò obì, wọ́n bu omi sínú abọ́ oúnjẹ. Alàgbà kan tó ti pẹ́ níbẹ̀ gbàdúrà, Àlùfáà kan tó jẹ́ ọmọ Òṣogbo náà ṣe tirẹ̀. Ọkọ mi ló kọ́kọ́ dárúkọ. Ó ní Olúwadámiláre. Gbogbo wọn ṣe àmín débi pé wọ́dà wá wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀, nígbà tí wọ́n sì sọ fún un, òun náà tọ́ iyọ̀ wò.

"Ojoojúmọ́ ló ń ka ọjọ́ orí ọmọ sí wa létí," ọkùnrin náà ní. "Dámiláre á ti máa rẹ́rìn-ín báyìí. Dámiláre á ti máa jókòó. Mà, ó sú wa!"

Mo ní, "Kí ló wá dé tí kò fi ránṣẹ́ sí mi?"

Ó fọwọ́ pa orí. "Mo bi í bẹ́ẹ̀ náà. Ó ní ọmọ òun lo oṣù mẹ́sàn-án nínú ìyàwó òun, ìyàwó òun ń kọ̀wé ewúrẹ́ sí òun. Ó ní gbogbo ìgbà tí òun ń ṣàníyàn pé bóyá ẹ ti rí ẹlòmíràn, ẹ̀yin àti ìyá òun mọ ohun tí ẹ mọ̀. Ó ní ẹ fi oyún pamọ́ fún òun, òun náà á fi orúkọ pamọ́ fún yín, ọjọ́ tí òun bá jáde lẹ ó gbọ́ ọ lẹ́nu òun. Mo ní kò dáa, obìnrin á rò ó síbòmíràn. Ẹ̀yin náà kúkú mọ Ìjẹ̀ṣà tí ẹ fẹ́."

Ìbínú kò mọ̀ pé olúwa òun kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Mo pe fóònù Ìyá Ìjọ, kò lọ. Wọ́n máa ń gba fóònù lẹ́nu géètì. Mo pọn ọmọ, n kò ti ṣọ́ọ̀bù, ọkùnrin náà ni mo ní kó bá mi jókòó tì í, ẹni tí n kò mọ̀ rí, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde lẹ́wọ̀n. Mo dé gáréèjì, mọ́tò Iléṣà kò kún. Mo bẹ awakọ̀, mo kúnlẹ̀ pẹ̀lú ọmọ lẹ́yìn, àwọn èrò rò pé òkú ló kú fún mi. Wọ́n bá mi bẹ̀ ẹ́, ó gbéra. Gbogbo ọ̀nà yẹn, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni mò ń sọ sínú: kó má tíì kà á, Olúwa, kó má tíì kà á.

Àwọn Ìyá Ìjọ ti ń wọ bọ́ọ̀sì nígbà tí mo débẹ̀. Mo ní, "Màmá, lẹ́tà ọ̀hún dà?"

Ó ní, "Mo ti fún un o. Inú rẹ̀ mà dùn! Bó ṣe rí i pé kọ̀ǹpútà ni wọ́n fi tẹ̀ ẹ́, ó ní ó ní láti jẹ́ ọ̀rọ̀ ẹjọ́ òun ni, pé bóyá wọ́n ti fẹ́ tú òun sílẹ̀. Ó ti pe àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kí wọ́n wá gbọ́."

N kò rántí bí mo ṣe dé inú. Wọ́dà tó wà lẹ́nu géètì ni ẹni tó kọ́kọ́ ka lẹ́tà náà. Kò wo ojú mi, ó kàn ní àkókò ti ń lọ ṣùgbọ́n kí n wọlé nítorí ọmọ. Ọkọ mi jáde sí ẹ̀yìn irin. Ó ti rù ju bí mo ṣe rò lọ. Lẹ́tà náà wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó ti ká a kéré títí ó fi rí bí ìwé tí ọmọdé ń fi ṣeré. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀, ẹkún kò jẹ́ kó jáde. Mo ní mo ti gbọ́ orúkọ náà. Mo ní kó dárí jì mí, mo ní ìbínú ni, mo ní kó fún mi ní ìwé náà kí n ya á.

Ó ní, "Mo ti kà á." Lẹ́yìn náà ó ní, "Sọ̀ ọ́ kalẹ̀ kí n rí i."

Mo sọ ọmọ kalẹ̀. Oorun ni ó ń sùn, mọ́tò ti mì ín, kò sì jí. Ó pe orúkọ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, jẹ́jẹ́, kò pè é mọ́, torí kò fẹ́ jí i. Ó ń wò ó bẹ́ẹ̀ títí wọ́n fi ní àkókò ti tó. Nígbà tí mò ń pọn ọ́n padà, ó ní, "Má kọ lẹ́tà mọ́. Ọ̀rọ̀ tí o bá ní, wá fi ẹnu sọ ọ́." Mo sì ń lọ, Ọjọ́bọ̀ kan kò yẹ̀ lórí mi, ọdún kan àti oṣù mẹ́rin, títí adájọ́ fi ní kò sí ẹ̀rí, kí ó máa lọ sílé.

Ó ti pẹ́. Ẹnì kankan kò ka oṣù mọ́ ní Ìkéjì. Ìyá ọkọ mi ti lọ bá àwọn ẹni rẹ̀. Ọmọ wa ti ga jù mí lọ, Ìbùkún ni gbogbo ayé ń pè é, bàbá rẹ̀ nìkan ló ń pè é ní Dámiláre. A ti ṣàtúnṣe ìwé ìbí rẹ̀. Mo ti tọrọ àforíjì lọ́pọ̀ ìgbà, ọkọ mi ní ó ti tán, mo sì gbà á gbọ́, torí kò gbé e sọ rí, àní nígbà tí a bá ń jà. Ọkùnrin dáadáa ni. Ó ń ka Bíbélì, ó ń ka ìwé ìròyìn sókè ketekete bí ẹni pé àwa tó kù jẹ́ adití. Ohun kan ni kì í kà. Bí mo bá fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí i lórí fóònù, á dúró kí ó di ìgbà tí ó bá délé, á ní, "O kọ nǹkan sí mi, kí lo wí?" Mo kọ́kọ́ rò pé ojú ló ń dùn ún. Mo ra awò ojú fún un.

Nígbà ọyẹ́ tó kọjá, ohùn mi há. Odindi ọjọ́ mẹ́ta, ọ̀rọ̀ kan kò jáde lẹ́nu mi. Ní ọjọ́ kejì, ó jókòó ní pálọ̀, mo ya ìwé kékeré kan, mo kọ ìlà kan sí i, mo nà án sí i. Kò gbà á. Ó wo ìwé náà lọ́wọ́ mi, ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì wà lórí orúnkún rẹ̀, mo sì rí i kedere pé ẹ̀rù ń bà á. Ó pe ọmọ jáde láti inú yàrá, ó ní, "Dámiláre, wá bá mi ka ohun tí ìyá rẹ kọ."

Ọmọ gbà á, ó kà á. "Wọ́n ní ọ̀fun ń dun àwọn, kí ẹ bá àwọn ra oògùn bọ̀."

"Ṣé ìyẹn nìkan ló wà níbẹ̀?"

"Ìyẹn nìkan ni, sà."

Ó mí kanlẹ̀. Ó dìde, ó ń wá bàtà rẹ̀ kiri, ó ní irú oògùn wo, ṣé ti oníhóró ni àbí ti olómi. Mo jókòó síbẹ̀, ohùn kò sí lọ́fun mi, n kò sì mọ ohun tí ǹ bá sọ fún un ká ní ó wà.